Àlọ́ Bùkọ́lá tí wọ́n gé dànù

Òórùn epo bẹntiróòlù láti inú jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ló wọlé bá mi láàárọ̀ yìí, ojú sì tún tì mí bíi ti ìjọ́sí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí tẹlifíṣọ̀n ṣe rí ní Ìlá ní àwọn ọdún 1990. Bí ètò ọmọdé bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, Bàbá Ṣadé a tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo agbo ilé a sì kóra jọ síwájú tẹlifíṣọ̀n rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí a ní, ọmọdé nílẹ̀, àgbà lórí àga, ẹni tí kò ráàyè a sì máa yọjú lójú fèrèsé.

Fọlákẹ́ ni ọ̀gá ètò náà níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. Ọmọ agbo ilé wa ni. Ẹ̀yìn mi ló máa ń sùn sí bí ìyá rẹ̀ bá lọ sóko. Nígbà tó ní kí n kó àwọn ọmọ kíláàsì tí mò ń kọ́ wá pàlọ́, inú mi dùn dẹ́yìn. Bùkọ́lá ọmọ mi ló pa àlọ́ ẹtu àti ìgbín, bí ìyá mi ṣe pa á fún un, ní ojúlówó Ìgbómìnà. Ni àwọn tó di kámẹ́rà mú bá bẹ̀rẹ̀ sí í sín ohùn Ìgbómìnà rẹ̀ jẹ: "Họ́n, họ́n!" Mo wo Fọlákẹ́. Òun náà ń rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ kọ́ wọn ní Yorùbá gidi o. Èyí ti pọ̀ jù."

Bẹ́ẹ̀, èdè tí ìyá tirẹ̀ fi ń ta iṣu nìyẹn!

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi ètò náà hàn, ìyá mi wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò mi gun ọ̀kadà wá láti Òkè-Ìlá. Àwọn ọmọ Ìbàdàn kọrin, wọ́n kéwì. Àwọn ọmọ tiwa jókòó lẹ́yìn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ti gé àlọ́ náà dànù; Bùkọ́lá kò lanu rárá lójú tẹlifíṣọ̀n títí ètò fi parí.

"Bùkọ́, àlọ́ lo lọ pa ni, àbí àtẹ́wọ́?" Bàbá Ṣadé, onítẹlifíṣọ̀n, ló bi í, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi dìde, ó ní oorun ń kun òun. Láti ọjọ́ náà, Bùkọ́lá kò pàlọ́ mọ́, ìyá mi náà kò sì tún pè é sídìí àlọ́.

Fọlákẹ́ ń gòkè. Ìjọba fi í ṣe ọ̀gá àgbà àjọ tó ń tọ́jú àṣà. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sí pálọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ dáadáa.

"Àǹtí mi, Ìgbómìnà ń kú lọ. Mo fẹ́ kí Bùkọ́lá pa àlọ́ ẹtu yẹn fún wa."

Bùkọ́lá, tó wá sílé fún ọdún, kọ ìlà orin kan, ó dúró. "Mi ò rántí mọ́, mà. Ẹ bi màmá mi."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi. Mo mọ àlọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àtorin àtègbè.

"Ó ti bá ìyá mi lọ," ni mo wí.

Fọlákẹ́ pa ẹ̀rọ náà, ó dúpẹ́, ó sì forí lé Ìrèsí lọ wá àgbà mìíràn. Bùkọ́lá wojú mi.

Fọlákẹ́ ti yí padà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìbínú mi ni kò yí padà. Àlọ́ náà ṣì wà lẹ́nu mi, kò sì sí ẹlòmíràn láyé yìí tó tún mọ̀ ọ́n.