Òkè Ni Mo Kọ́ Fún Ìyá Mi

Ìlú òyìnbó ni mo wà nígbà tí mo kọ́ ilé mi ní Sùúrùlérè. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mò ń wẹ ìyá oníyàá, mò ń yí wọn padà lórí ibùsùn, kí n lè gbé ìyá tèmi kúrò nínú yàrá kan ṣoṣo tó ń gbé ní Mùṣin. Ilé àtijọ́ kan tó ti ń wó ni mo rà. A wó o palẹ̀, a sì kọ́ fúláàtì mẹ́rin síbẹ̀, méjì nísàlẹ̀, méjì lókè. Mẹ́ta wà fún àwọn ayálégbé. Ọ̀kan lókè, èyí tó kọjú sí títì, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí dáadáa, ìyá mi ni mo kọ́ ọ fún. Mo ti sọ fún un kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi gan-an, ló bá mi mójú tó iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìjọra, ó sì ní òun ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́ mi jẹ. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Ó máa ń dúró ti àwọn bíríkìlà nínú oòrùn. Ó máa ń gbé fóònù káàkiri kí n lè rí fèrèsé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè, àti ọ̀dà tí kò tíì gbẹ lára ògiri. Wọ́n ní ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Èmi náà ní ilé, ọ̀nà ló jìn, ojú ẹ̀gbọ́n mi ni mo fi ń wò ó.

Nígbà tí ilé parí, ó ní àwọn ayálégbé ti kó wọlé, Ìyá náà sì ti kó sókè. Lọ́jọ́ Àìkú la máa ń rí ara wa lórí fóònù. Ìyá á jókòó sórí àga nínú pálọ̀ òkè, á wé gèlè, ẹ̀gbọ́n mi á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Á dúpẹ́, á tún dúpẹ́, ṣùgbọ́n kì í wò mí lójú. Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Lásìkò òjò ọdún kejì, nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ pè mí. Obìnrin tó gba fúláàtì kan nísàlẹ̀ ni.

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Ìyá ní kí n bá àwọn pè yín. Alága ò sí nílé."

"Alága wo?"

"Láńlọ́ọ̀dù wa. Àwọn ni alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò yìí."

Kí n tó bi í ní ìbéèrè míì, Ìyá ti gba fóònù. "Ọmọ mi," ó ní, "tí mo bá ṣẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Omi tún wọ yàrá yìí lánàá. Ó dé orí ẹní mi."

"Yàrá wo, Ìyá?"

"Yàrá ẹ̀yìnkùlé tí o ní kí n máa gbé. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní o sọ pé o fẹ́ fi òkè pawó. Mi ò bá ọ jà. Gọ́tà yẹn ṣá ni kí o bá mi tún ṣe."

Ibi tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́ ni mo wà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yàrá tó ń wí yẹn, ibi tí mo ní kí wọ́n máa kó jẹnẹrétọ̀ àti àwọn garawa ọ̀dà sí ni. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń sùn láti ọjọ́ tí ilé ti parí, ó sì gbà pé èmi ni mo fi òun síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé òkè, òun náà sì ni láńlọ́ọ̀dù àti alága tí obìnrin yẹn ń wí. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n ń mú Ìyá gòkè, kí n lè rí i pẹ̀lú gèlè.

"Ìyá, ẹ má sọ fún un pé a sọ̀rọ̀," mo ní.

Ẹlòmíì, á pariwo. Tèmi tutù nínú mi bí omi àmù. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo rẹ́rìn-ín sí i lórí fóònù.

"Bọ̀dá mi, ṣé atẹ́gùn ń fẹ́ sí Ìyá dáadáa lókè?"

"Háà, àfi bíi pé wọ́n wà létí òkun!"

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ kí ó máa purọ́ náà lọ, nítorí irọ́ kọ̀ọ̀kan ń fún mi lágbára. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń bọ̀, àyàfi lọ́yà mi ní Yábàá, tí ìwé ilé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórúkọ mi, àti obìnrin ìsàlẹ̀ yẹn. Òun ló sọ fún mi pé pálọ̀ alága ni àwọn onílé ti ń ṣèpàdé ní Sátidé. Mo ní ọjọ́ ìpàdé gan-an ni kí n dé.

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn bàbá onílé àti ìyá onílé, tí ìgò mọ́ọ̀tì wà níwájú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá àwọn tó ń da ilẹ̀ sí gọ́tà wí. Èmi àti lọ́yà wọlé, mo sì kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin bàbá. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ìyá."

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi là sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tètè pa á dé. "Àbúrò mi! O ò tiẹ̀ sọ fún wa!" Ó yíjú sí wọn. "Àbúrò mi tí mo rán lọ sókè òkun nìyí."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ẹ̀yìnkùlé."

Mi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀ títí wọ́n fi gbà. A sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń sáré níwájú, ó ń sọ pé ibẹ̀ dọ̀tí, kí a jẹ́ kí a padà. Mo ṣílẹ̀kùn. Ìyá mi jókòó sórí ibùsùn tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé sókè nítorí omi. Jẹnẹrétọ̀ wà níbi orí ibùsùn náà. Ògiri ti dúdú fún ọ̀rinrin.

Bàbá tó dàgbà jù nínú wọn béèrè pé, "Ìyá ta nìyí?"

"Ìyá alága yín ni, sà. Ìyá tèmi náà ni. Èmi ni mo kọ́ ilé yìí. Lọ́yà mi nìyí, ìwé ilé ló mú dání yẹn. Òkè tí ẹ ti ń bọ̀, ìyá mi ni mo kọ́ ọ fún."

Bàbá náà ṣí fìlà rẹ̀. Ìyá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn. Èmi ni mo ní ìsàlẹ̀ ló wù mí. Orúnkún ń dùn mí, mi ò lè gun àtẹ̀gùn."

Ẹ̀gbọ́n mi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó yẹ kí ìyẹn rọ̀ mí lọ́kàn. Ńṣe ló da epo sí iná mi. Ẹni tó fi í sínú omi ló ń gbèjà.

"Bọ̀dá mi," mo ní. Mo ṣì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní mo yájú. "Láti òní lọ, Ìyá ló ni òkè. Yàrá yìí ló kù fún yín. Tí kò bá wù yín, ọ̀nà wà."

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níwájú àwọn èèyàn yìí ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi. Nítorí ẹ̀ ni mo ṣe wá."

Àwọn onílé yọ ọ́ nípò alága. Ìyàwó rẹ̀ bú mi dáadáa, ó sì kó lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n mi ò ríbi lọ, ló bá kó sínú yàrá ẹ̀yìnkùlé náà. Mo fi ilé sọ́wọ́ éjẹ́ǹtì kan, mo ní kí ó tún gbogbo ohun tó bàjẹ́ ṣe, àyàfi gọ́tà ẹ̀yìnkùlé.

"Àǹtí, omi máa wọlé níbẹ̀ o," ó ní.

"Mo mọ̀."

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi. Òjò rọ̀ gan-an lọ́dún yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ojú ọjọ́ Èkó lórí fóònù, tí mo bá sì rí i pé òjò ń bọ̀, tíì ọwọ́ mi á túbọ̀ dùn lẹ́nu mi. Ìyá ń gbé oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ tó ní kò lè gun àtẹ̀gùn, ó ń gùn ún, ó ń sọ̀. Ó bẹ̀ mí títí. Ó ní ọmú kan náà la jọ mu.

"Ìyá," mo ní, "ẹ bẹ̀ mí nítorí nǹkan míì."

Kí àsìkò òjò míì tó dé, ẹ̀gbọ́n mi kó jáde, ó lọ gba yàrá kan ní Mùṣin. Ó pè mí lọ́jọ́ tó kó lọ. "Mo mọ ohun tí mo ṣe," ó ní. "Ìwọ náà, mọ ohun tí o ṣe." Mo ní mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì pa fóònù. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ní kí wọ́n tún gọ́tà ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Ìyá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀, kò wé gèlè, atẹ́gùn ń fẹ́ kọ́tìnì lẹ́yìn rẹ̀. Ó wò mí lójú.

"Ṣé ọkàn rẹ ti wá balẹ̀ báyìí?"

"Ó balẹ̀, Ìyá."

Òótọ́ ni mo sọ. Ó ní lọ́la òun ń gbé ọbẹ̀ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Mùṣin, ó sì dúró díẹ̀, bóyá màá sọ nǹkan kan. Mi ò ní kí ó bá mi kí i.