Ọ̀nà Tí Ó Di Ọnà ní Bẹyẹrúnkà

Ògì ni mo ń sẹ́ lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta, ilẹ̀ kò tíì mọ́, nígbà tí oníṣòwò kan jíṣẹ́ tí Làsísì ẹ̀gbọ́n mi rán an láti Ìbàdàn. Ó ní òyìnbó kan, àlejò ajẹ́lẹ̀, ń bọ̀ wá gba ọ̀nà ilé wa. Ta ni kò mọ ohun tí ọ̀nà ìjọba ń ṣe? Ó ń wó ilé, ó sì ń gba orí sàréè bàbá ẹni kọjá. Mo fi ògì sílẹ̀, mo dágbére fún ọkọ mi, mo sì lọ wọ rélùwéè ní Láfẹ́nwá.

Iná tí ń ta láti inú èéfín ọkọ̀ náà dá ìborùn mi lu. Ní Omi-Àdìó mo ra ẹ̀kọ àti àkàrà ní kọ́bọ̀. Àkàrà náà kéré, ó sì le. Ní ọ̀dọ̀ wa, ojú ì bá ti ẹni tó dín in. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, mo fẹsẹ̀ rìn láti Dùgbẹ̀ gòkè lọ sí Bẹẹrẹ, lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti gbẹ́ kòtò sí. Bí ìjọba bá ń wá ọ̀nà tí wọn yóò ṣe, iṣẹ́ pọ̀ fún wọn níbẹ̀.

Ní agbo ilé wa ní Bẹyẹrúnkà, wọ́n ti kó ìkòkò àti ẹní síta. Ìyá, àbúrò bàbá wa, nìkan ló jókòó ti ilẹ̀kùn ńlá, èyí tí bàbá wa ní kí wọ́n gbẹ́ ẹṣin àti ejò sí lára.

"Àbẹ̀kẹ́, káàbọ̀. O wá wò ó bí wọn yóò ṣe la ilé wa já?"

Lọ́sàn-án, òyìnbó náà dé pẹ̀lú ògbufọ̀ rẹ̀, Sàró kan tó wọ kóòtù nínú oòrùn.

"Ọ̀gá ní àwọn wá gba ọ̀nà yín," ni ó kígbe. Àwọn ọmọdé bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ni òyìnbó ń nàka sí, ọ̀rọ̀ tí mo sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni "áàtì." Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó tó èyí.

"Ọ̀gá ògbufọ̀, ṣé ọnà ni ẹ fẹ́ sọ? Ọnà tó wà lára ilẹ̀kùn?"

"Ohun kan náà ni."

Ẹni tí wọn kò bá fẹ́ wó ilé rẹ̀ ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ayọ̀ gba Làsísì lọ́kàn. "Ọnà lásán! Ẹ tú u, ẹ máa gbé e lọ!" Kò rántí pé ẹnu ọ̀nà òun ni yóò ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ìyá ní, "Níbo lẹ ó gbé e sí?"

"Ara ògiri ni wọn yóò gbé e kọ́, ní ìlú wọn."

"Ta ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé?"

"Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀gá ní ohun tí a bá ń lò kì í ṣe ọnà. Ìgbà tí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ ló ń di ọnà."

"Háà! Ọ̀lẹ là ń pe irú ẹ̀ níbí."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ògbufọ̀ kò túmọ̀ ìyẹn. Ó ní àwọn aláàárù yóò wá gbé e láàárọ̀.

Èmi kò mọ ọnà tí ń dá dúró. Ọnà ara igbá ni, tàbí ti ara aṣọ, tàbí ti ara ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń wá ọnà lásán dà bí ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rín láìsí ẹnu. Ṣùgbọ́n Làsísì ti fọwọ́ sí i, ta ni yóò sì sọ pé rárá fún àlejò ajẹ́lẹ̀?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀kùn náà ti funfun báláú láti òkè dé ilẹ̀. Ìka Ìyá náà funfun.

"Àlejò funfun ni," ó ní. "Mo ní kí n fi funfun pàdé rẹ̀."

Òyìnbó wò ó, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wàràwàrà. Ògbufọ̀ ní, "Ọ̀gá ní ẹ ti bà á jẹ́. Kì í ṣe ọnà mọ́."

Mo fọwọ́ kàn án. Ẹṣin wà níbẹ̀, ejò wà níbẹ̀, kò sí ọ̀kan tó sá lọ. Ohun tó jẹ́ ọnà lánàá kò jẹ́ ọnà mọ́ kí a tó mu ẹ̀kọ àárọ̀. Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá bá wa!

Nígbà tí wọ́n ń lọ, ògbufọ̀ yíjú padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ọnà wo ló lọ sí Mápó?"

"Èyí tí ẹ kò rí gbé," ni Ìyá dá a lóhùn.

Ìyá sìn mí dé Bẹẹrẹ. Inú ń bí mi sí òun náà. "Ìyá, ẹ gba ilẹ̀kùn bàbá mi sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé bí a ó ṣe máa wò ó nìyẹn?"

Ó fà mí létí bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé.

"Àbẹ̀kẹ́ ọmọ ilé ìwé, ẹfun àti ògì ni. Ewúrẹ́ ti lá a dé ìdajì kí a tó jáde."