Òkèlè Tí Mo Bù Sínú Omi Ẹja

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìpáò-Èkìtì, àdájẹ ni ẹ̀ṣẹ̀ tí ìyá àgbà wa kì í fojú fò dá. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò rántí bí ìrọ̀lẹ́ ṣe máa ń rí: èéfín igi a máa ta wá lójú, a ó gún iyán títí yóò fi fẹ́lẹ́, a ó sì yí abọ́ kan ṣoṣo ká, àgbà àti èwe, ọwọ́ a máa gbá ọwọ́. Ẹni tí ó bá bu tirẹ̀ lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá àgbà a wí fún un pé, "Ọmọ tó bá dá jẹun nínú ulé mi ni yóò dá gún iyán ọ̀la." Ẹ̀gbọ́n mi kan dá a gún rí. Ní ọjọ́ kejì, kò lè gbé apá sókè dáhùn ìbéèrè ní ilé ẹ̀kọ́.

Iṣẹ́ tèmi ni fífọ àmù. Ewé ìpín ni a fi ń ha inú rẹ̀, títí ohun aláwọ̀ ewé tí ń yọ̀ bí ilá yóò fi ṣí kúrò. Kò sí ẹni tí ó lè fọ̀ ọ́ bí èmi, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀.

Ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni mo gbé wọ ọjọ́ ogbó. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí fóònù alágbèéká dé Ìkọ̀lé tí mo ń gbé, bàbá àwọn ọmọ mi ti lọ sinmi, àwọn ọmọ sì ti fọ́n ká sí Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun. Fọlákẹ́, àbígbẹ̀yìn mi tí ń gbé Ìbàdàn, gbé àpótí dígí kan wá fún mi, ẹja aláwọ̀ wúrà mẹ́ta sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní kí ilé má baà dákẹ́ jù. Mo gbé e sórí tábìlì ìjẹun, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí oòrùn yóò ti máa fi ẹwà wọn hàn.

Ojú mi kò gbà á kí n máa jẹun níwájú wọn kí n má fún wọn. Mo ń rún búrẹ́dì fún wọn ní òwúrọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo ń bu òkèlè iyán wẹ́wẹ́ sínú omi. Wọn a sáré wá, ẹnu wọn a máa yà, a máa pa dé, èmi náà a sì máa ròyìn ọjọ́ fún wọn.

Kò pẹ́ tí omi fi di aláwọ̀ ewé, tí dígí sì ń yọ̀. Ìyá Adé, aládùúgbò mi, wọlé, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Yèyé, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ sè kalẹ̀ yìí? Ata rẹ̀ kò tó o." Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí. Mo wá ewé ìpín, mo da gbogbo omi náà nù, mo sì ha dígí bí ẹni ha àmù. Ojú ibi tí mo ha wà lára rẹ̀ di òní. Síbẹ̀, ohun aláwọ̀ ewé náà tún bò ó, ẹja kan sì léfòó, ó kú. Àwọn méjì tí ó kù wá sójú omi, wọ́n ń mí gúlegúle.

Mo pe Fọlákẹ́, mo ròyìn ohun aláwọ̀ ewé náà fún un. Ó béèrè ohun tí mo fi ń bọ́ wọn, mo sì sọ fún un. Ó ní:

"Mọ́mì, ewé omi yẹn lẹ ń bọ́, kì í ṣe ẹja. Ohun tí wọn kò jẹ tán ló ń jẹrà, òun ni ewé omi náà fi ń sanra."

Ó ní kí n gbé àpótí náà kúrò lójú oòrùn, kí n máa pààrọ̀ díẹ̀ nínú omi rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n má da gbogbo rẹ̀ nù mọ́, kí n sì máa fi aṣọ rírọ̀ nu dígí. Oúnjẹ ẹja tí òun rà wá pẹ̀lú àpótí náà ni kí n fún wọn, ìwọ̀n tí orí ìka méjì lè mú, lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Mo bi í pé, bí èmi bá wá ń jẹun ńkọ́?

"Ẹ máa jẹ tiyín, Mà."

Mo ṣe bí ó ti wí, mo sún àpótí náà sí àárín tábìlì, níbi tí oòrùn kò dé. Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì wá síbi dígí, wọ́n ń la ẹnu sí mi. Mo wo abọ́ mi, mo sì gbé òkèlè náà mì.

Láyé ìyá àgbà, ẹni tí ó bá pẹ́ dé ìdí abọ́ kò ní bá ẹran níbẹ̀. Nísinsìnyí, ẹran pé, kò sí ẹni tí ń bá mi dù ú. Àwọn ẹja náà yè, omi wọn sì mọ́ gaara, tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí gbogbo àga tí ó wà ní òdìkejì tábìlì, bí a ṣe tì wọ́n sábẹ́ rẹ̀, láìsí ẹni tí ó jókòó lé wọn.