Búrẹ́dì àti Iyọ̀ fún Ọ̀dàlẹ̀

Nígbà tí mo kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì tí ìyá mi ń to búrẹ́dì sí lọ, Ìkòsì kì í ṣe ibi tí ẹ mọ̀ yìí. Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, ẹ ó ti máa gbọ́ ìró lọ́rì tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú kí ẹ tó rí i, torí kò sí ariwo mìíràn tó lè bò ó mọ́lẹ̀. Ìyá mi a máa ru búrẹ́dì lọ sí etí títì ní Kétu láàárọ̀, èyí tó bá ṣẹ́kù, wọ́n á tà á níwájú ilé. Yàrá mẹ́fà ni bàbá mi kọ́. Wọ́n fi ọ̀kan nínú rẹ̀ háyà fún òyìnbó.

Mo mọ̀ pé ẹ ó rẹ́rìn-ín. Òyìnbó, nínú yàrá kan ṣoṣo, ní Ìkòsì? Bẹ́ẹ̀ ni o. Kì í ṣe irú òyìnbó tó ń gbé ní Ìkòyí tí kúùkù ń dáná fún. Ará Pólàńdì ni. Ọ̀gá sójà ni nílùú rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbé ìbọn láti lé àwọn tó fipá gba ìjọba ibẹ̀. Nǹkan náà fọ́ mọ́ wọn lórí. Ó wá ń sá láti ìlú dé ìlú, títí ó fi wọ ọkọ̀ ojú omi kan tó ń lọ síbi tó jìnnà ju ọ̀dọ̀ wa lọ. Ibà mú un lójú omi. Wọ́n já a sílẹ̀ ní Èkó pé kó lọ kú. Kò kú, ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ fi máa yá, ọkọ̀ ti lọ.

Ó mọ irin tún ṣe, òun ló wá ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ àwọn télọ̀ ṣe láti Kétu dé Òjótà. Á di ẹ̀rọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, á jókòó ṣánṣán lórí rẹ̀ bí ẹni tó ṣì wà lórí ẹṣin. Bàbá Sójà là ń pè é. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń fi bàtà sójà rìn lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn ọkùnrin yìí. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi, èmi náà sì gbọ́, torí wọn ò ka ọmọ tó jókòó tó ń ṣa ẹ̀wà kún. Sójà méjìlá ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, wà nínú wọn. Inú abà àgbẹ̀ kan ni wọ́n sá pamọ́ sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà, òun ló lọ júwe abà yẹn fún àwọn ọ̀tá. Bàbá Sójà ti jáde lọ wá oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa padà dé, wọ́n ti dáná sun abà, gbogbo àwọn méjìlá sì wà nínú rẹ̀.

"Ìyá Búrẹ́dì," ó wí fún ìyá mi, "mo ní ìbọn kan. Mo ní ọta kan. Ọta yẹn ti ní ẹni tó ni ín."

Ìyá mi ní, "Bàbá Sójà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn ín nílé ọkọ mi o."

Òróró tó fi ń pa ẹ̀rọ ìránṣọ náà ló fi ń pa ìbọn ọ̀hún, ní gbogbo Sátidé. Èmi ni mo máa ń di àkísà rẹ̀ mú.

Ó kọ́ àwa ọmọdé ilé náà ní eré àtẹ́wọ́ kan. A ó ṣe òbìrìkìtì, a ó pàtẹ́wọ́, a ó gbá orúnkún, a ó sì máa pe orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn. Méjìlá ni. Tí a bá dé orí ìkejìlá, gbogbo wa á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn orúkọ náà wúwo lẹ́nu, a sì fẹ́ máa gé wọn kúrú. Kì í gbà. Á ní, "Rárá. Ẹ pè é dáadáa. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́." A kò mọ̀ pé òkú là ń pè. Eré la rò pé ó jẹ́.

Ohun kejì, èmi nìkan ló kọ́. Ó ní nílùú àwọn, tí àlejò bá dé ẹnu ọ̀nà, búrẹ́dì àti iyọ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un, tó bá sì ti jẹ ẹ́, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án nínú ilé yẹn mọ́. Ó ti kọ lẹ́tà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mélòó kan tí wọ́n jọ sá àsálà, ó sì ń retí wọn. Ó gbẹ́ àwo igi pẹlẹbẹ kan fún mi. "Tí òyìnbó bá dé, tó kí ọ ní èdè wa bí mo ṣe máa ń kí ọ láàárọ̀, tí mi ò bá sí nílé, tètè fún un ní búrẹ́dì àti iyọ̀." Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Òjò ọdún méjì rọ̀ kọjá, ẹnikẹ́ni ò wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá mi ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé, mo jókòó ti búrẹ́dì níwájú ilé, ni òyìnbó kan bá yọ láti ojú ọ̀nà. Ó sanra, fìlà ńlá wà lórí rẹ̀, ó gbé báàgì awọ dání, òógùn bò ó. Ó kí mi. Ìkíni Bàbá Sójà gan-an ni! Mo fò dìde. Mo mú búrẹ́dì tó rọ̀ jù, mo gé e, mo bu iyọ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kúnlẹ̀, mo gbé e fún un. Ó wo àwo yẹn títí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́. Mo rò pé Bàbá Sójà máa yìn mí.

Kò pẹ́ ni Bàbá Sójà dé láti Òjótà. Ó rí ẹni tó jókòó. Ó jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́, òun àti ẹ̀rọ télọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ṣubú yakata. Látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ díẹ̀ ní èdè wọn. Ó wá kọjú sí mi.

"Ta ló fún un ní nǹkan jẹ?"

"Èmi ni, sà."

"Búrẹ́dì nìkan?"

"Àti iyọ̀, sà. Bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Ṣé ó jẹ ẹ́ tán?"

"Ó tiẹ̀ lá àwo, sà."

Ó dijú, ó sì la ojú náà padà. "Ọmọ mi," ó wí, "o ti gba ìbọn lọ́wọ́ mi." Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ẹni tí mo kúnlẹ̀ fún.

Ọ̀dàlẹ̀ náà mú ìwé kan jáde nínú báàgì. Bàbá Sójà kà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn wà níbẹ̀. Ìyá mi ti jáde síta. Bàbá Sójà sọ ọ́ fún wọn ní Yorùbá: "Àwọn ìjọba ibẹ̀ ló rán an. Kí n máa bọ̀ nílé. Ìyá Búrẹ́dì, àwọn tó sun àbúrò mi ní àwọn ti dárí jì mí."

Ìyá mi ní, "Wọ́n mà kúkú ṣeun o."

Bàbá Sójà wá fa àga, ó jókòó ti àlejò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju ìbọn lọ. Ó ní, "Lọ pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ wá. Àlejò mi ò tíì rí eré."

A ṣe òbìrìkìtì. A pàtẹ́wọ́. Nígbà tí a pe orúkọ àkọ́kọ́, ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín bí àgbàlagbà ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sí ọmọdé. Ìkejì, ó tẹ́tí. Ìkẹta, ó ṣí fìlà. Nígbà tí a máa fi dé ìkarùn-ún, ojú rẹ̀ ti funfun bí ẹ̀kọ tútù. Ìkejìlá ni àbúrò Bàbá Sójà, gbogbo wa fò sókè, a sì fi ariwo pè é bí wọ́n ṣe kọ́ wa.

"Ẹ tún un ṣe," ni Bàbá Sójà wí.

A tún un ṣe.

"Ẹ tún un ṣe."

Ọkùnrin náà gbé báàgì, ó kọrí sí ọ̀nà Kétu. Bàbá Sójà ní, "Ẹ sìn ín dé títì. Àlejò kì í dá lọ." A sìn ín. Ó ń yára, àwa náà ń sáré. Àwọn ọmọ ilé mìíràn ń já wọ inú wa, wọ́n sì ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wa bí a ṣe ń lọ. Fìlà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ kan gbé e dé, a ò dákẹ́. Nígbà tí a dé etí títì, ó fọwọ́ ti igi kan, ó sì bì.

Gbogbo wa dúró. Bàbá Sójà, tó ti ń rọra rìn bọ̀ lẹ́yìn wa, wá wo ohun tó wà nínú koríko. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ kóòtù rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó mú ìbọn dání.

"Búrẹ́dì ti jáde," ó wí. Yorùbá ló fi sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń bì ò mọ ìdájọ́ tí wọ́n ń ṣe lórí rẹ̀.

Ìyá mi ti sáré bá wa, ìró kan ṣoṣo ni wọ́n ró mọ́ àyà. Wọ́n mọ̀ pé tí ìbọn yẹn bá dún, àwọn ọlọ́pàá á so Bàbá Sójà kọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ òyìnbó tí ìyá mi lè sọ tó máa gbà á sílẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń ná ọjà.

"Bàbá Sójà, iyọ̀ ṣì wà níkùn rẹ̀ o."

Ó wo ìyá mi. Ó wò wọ́n títí. Lójijì ló bú sẹ́rìn-ín, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọwọ́ òfìfo ló yọ jáde. Lọ́rì kan dé, ọ̀dàlẹ̀ náà gun ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín àpò gàrí. "Ẹ má dákẹ́," ni Bàbá Sójà wí fún wa. A pàtẹ́wọ́ títí eruku fi bo lọ́rì náà.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ó wádìí pé ọkọ̀ ojú omi ọkùnrin náà ṣì máa lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Èkó. Ló bá gbé kẹ̀kẹ́. Ó dé Èbúté Mẹ́tta, ó dé Ìsàlẹ̀ Èkó, gbogbo ibi tí télọ̀ wà tí ọmọdé wà, ó ń kọ́ wọn ní eré wa. Eré ọmọdé kì í pẹ́ tàn. Ìyá mi bi í pé, "Ṣé kò tíì tó báyìí?"

Ó ní, "Kò tíì tó. Ó ṣì létí."

Mo bi í léèrè orúkọ ọkùnrin náà lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Má bèèrè. Àwọn méjìlá wà lẹ́nu yín. Tirẹ̀, jẹ́ kó kú." Kété lẹ́yìn ìgbéyàwó mi ni òun náà kú, Kétu níbí la sin ín sí. Nígbà tí a ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, a rí ọta yẹn nínú àpótí ẹ̀rọ. Ó ṣì ń dán. Òróró ṣì wà lára rẹ̀.

Ìkòsì ti yí padà báyìí. Ẹsitéètì ti bo oko ẹ̀gẹ́, géètì wà lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, ẹni tó ń gbé lápá ọ̀tún mi, mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn ọmọ ò ṣe eré àtẹ́wọ́ mọ́, fóònù ni. Pásítọ̀ wa a sì máa wàásù pé kí a dárí ji gbogbo ènìyàn. Mo máa ń ṣe àmín, mo sì ti dárí ji ọ̀pọ̀ tó ṣẹ̀ mí. Ti ọkùnrin yẹn kò sí nínú àmín mi. Mo fún un ní búrẹ́dì, ó tó.

Lóṣù tó kọjá, iná lọ, fóònù kú. Mo pe àwọn ọmọ-ọmọ mi síta, mo sọ ìtàn yìí fún wọn, mo kọ́ wọn ní orúkọ méjèèjìlá, mo sì ń tọ́ wọn sọ́nà pé kí wọ́n pè é dáadáa. Èyí àbígbẹ̀yìn nínú wọn ní, "Grandma, ẹni burúkú yẹn ńkọ́? Kí ni orúkọ tiẹ̀?"

Mo ní, "Kò ní. Ó yá, ẹ tún un ṣe."