Jíìpù Mi Ló Kọ́kọ́ Dé Igbaye

Mo ti borí o! Jíìpù mi ló kọ́kọ́ dé Igbaye lónìí.

Èmi àti Làmídì ará Òkukù la jọ ta tẹ́tẹ́ pọ́n-ùn márùn-ún: ẹni tí jíìpù rẹ̀ bá kọ́kọ́ gba ọ̀nà oko Ìnísà dé Igbaye nínú ẹrẹ̀ yìí ló ni owó.

Làmídì fi táyà katakata sí tiẹ̀. Èmi yọ ilẹ̀kùn, mo yọ àga ẹ̀yìn, mo yọ òrùlé, kó lè fúyẹ́. Gbogbo èèyàn fi mí rẹ́rìn-ín.

Àwa méjèèjì rì sínú àbàtà kan náà. Làwọn ọkùnrin Aládùúrà méjìlá bá ń ti odò bọ̀. Wọ́n gbé ti Làmídì, kò mì. Wọ́n gbé tèmi lé èjìká, orin bẹ̀rẹ̀. Mi ò pa ẹ́ńjìnì o! Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń yí lófuurufú, ẹrẹ̀ ń ta sí aṣọ funfun wọn, títí a fi wọ Igbaye.

Làmídì fẹsẹ̀ rìn bá wa: "Olè! Ṣé o wa mọ́tò ni, àbí wọ́n gbé ọ bí òkú?"

Mo ní, "Òkú wo lo rí tó ń tẹná mọ́tò?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá wa dá ẹjọ́ yìí. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó dá a, ẹ sọ fún Làmídì: pọ́n-ùn márùn-ún mi, ọjọ́ ọjà Òkukù tó ń bọ̀, kó tó di ọ̀sán.