Adérìnsọ́lá Kò Jẹ́ Ká Mọ̀ọ́mọ̀ Pàdánù

Bí ẹ bá ń wá Adérìnsọ́lá, ẹ má wulẹ̀ lọ sílé rẹ̀ ní League City, ẹ ò ní bá a. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó wà ní Deer Park, níbi tó ti ń ṣọ́ páìpù àti ẹ̀rọ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Lọ́sàn-án Sátidé, ó wà ní pápá yìnyín kan lẹ́bàá Stafford, fèrè lọ́rùn, kóòtù òtútù lára, tó ń jágbe mọ́ àwọn dókítà àti ẹnjiníà tí irun wọn ti funfun. Oòrùn Houston á máa jó èèyàn níta, àmọ́ nínú ilé yẹn, èémí ẹnu wa á máa rú bí èéfín. Ọdún kẹta tí mo ti ń lọ nìyí, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé èmi ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó lè fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ síbi tí màá ti gbọ̀n.

Èmi ni Lékè, apòògùn ni mí, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Èmi ni mo dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa, èmi náà sì ni aṣọ́lé. Kí n má purọ́, wọ́n fi mí síbẹ̀ nítorí pé mo sanra ni. Ẹgbẹ́ Àrá là ń jẹ́, họ́kì orí yìnyín là sì ń gbá: bàtà onírin lẹ́sẹ̀, ọ̀pá lọ́wọ́, róbà dúdú pẹlẹbẹ kan tí à ń lé kiri kó lè wọ àwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wa wá sí Amẹ́ríkà láti kàwé. A kàwé tán, a ríṣẹ́, a bímọ, ikùn yọ. Nígbà tí Adérìnsọ́lá ní ká wá dá ẹgbẹ́ họ́kì sílẹ̀, a rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Obìnrin yẹn kì í ṣàwàdà.

Ìlú Duluth, ní Minnesota, ló ti kàwé, níbi tí òtútù ti ń wọ èèyàn léegun. Helen, òyìnbó tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ló kọ́kọ́ mú un lọ sórí yìnyín. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ wọn, tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ń sọ pé kò tíì mọ̀ ọ́n gbá. Ọjọ́ tí Helen, tí òun náà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, fi ẹsẹ̀ dá ni wọ́n tó rántí Adérìnsọ́lá. Ayò méjì ló gbá wọlé lọ́jọ́ náà. Bó bá ń sọ ìtàn yìí, inú á máa bí i bíi pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ó ní ayò méjì yẹn ò dùn mọ́ òun, torí ó jẹ́ kí òun mọ ohun tí wọ́n fi ọdún kan gbà lọ́wọ́ òun.

Nígbà tí sáà tó kọjá ń parí lọ, nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ, àwa la wà nísàlẹ̀ pátápátá. A ti gbá eré mẹ́tàlá, mẹ́ta péré la borí. Àmì mẹ́fà la ní, àwọn ará Galveston tó wà lókè wa ní méje. Eré kan ṣoṣo ló kù, àwa àti àwọn náà sì ni. Ẹni tó bá borí á gba àmì méjì. Tó bá jẹ́ ọ̀mì, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba ẹyọ kan. Ìyẹn ni pé bí a bá borí, a ti kúrò nísàlẹ̀. Bí a bá ta ọ̀mì tàbí wọ́n nà wá, ibẹ̀ náà la wà.

Ẹ̀yin á ní ta ló fẹ́ wà nísàlẹ̀. Àwa ni. Ní líìgì tiwa, ẹgbẹ́ tó bá gbẹ́yìn ló máa ń kọ́kọ́ mú ẹni tó bá wù ú nínú àwọn eléré tuntun. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Paul sì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Houston. Ó ti gbá họ́kì ní yunifásítì, ó ga bí òpó iná, ó sì ń sáré lórí yìnyín bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Gbogbo líìgì ló mọ̀ pé ẹgbẹ́ tó bá mú Paul ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ife sáà tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìsìn, Dókítà Olúrótìmí pè wá jọ sí gbọ̀ngán kan ní Stafford. Oníṣẹ́ abẹ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Bó bá ń sọ̀rọ̀, wàá rò pé èsì àyẹ̀wò ẹ ló ń kà fún ẹ. Ó ní kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fi eré kan sílẹ̀ kó lè jèrè odindi sáà. Ká kàn pàdánù, ká mú Paul. Ó wojú mi, ó ní Bọ̀ọ̀dá Lékè á kàn sùn díẹ̀ lójú ilé ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ gba ife kan kí n tó kú, ó sì ti sú mi kí wọ́n máa gbá róbà gba àárín ẹsẹ̀ mi kọjá.

Àmọ́ yàtọ̀ sí akọ́nimọ̀ọ́gbá, èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ẹgbẹ́ kan lè ní, a sì ti pé. Bí Paul bá wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jáde. Gbogbo wa la mọ ẹni tó máa jẹ́, kò sì sẹ́ni tó wojú rẹ̀. Delight ni, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ọmọ bíbí inú Dókítà fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wọ ẹgbẹ́ wa, kò tíì gbá ayò kankan wọlé. Bàbá rẹ̀ ní àwọn ti sọ ọ́ nílé, ó sì ti yé e. Delight tẹrí ba, ó ní, "Yes, Daddy."

Adérìnsọ́lá dìde. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

"Dókítà, nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ abẹ, ṣé wọ́n ní kẹ́ ẹ lọ jókòó títí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù yín lọ á fi dé ni?" ló bi í. "I sat on that bench. Odindi ọdún kan. Mi ò ní fi ọmọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ torí ife."

A dìbò. Mẹ́tàlá ní ká pàdánù, mẹ́ta kọ̀. Adérìnsọ́lá kọ̀, Zion àti Olúwatọ́mi, àwọn ọ̀dọ́ méjì yòókù, náà kọ̀. Delight nawọ́ sókè pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Èmi náà nawọ́ sókè, ojú sì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Adérìnsọ́lá ní ó dáa, àmọ́ òun ṣì ni akọ́nimọ̀ọ́gbá títí sáà á fi parí, òun lòún máa yan àwọn tó máa gbá eré tó kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa gbá a. Bí a bá ṣì wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, òun á fi fèrè lé wa lọ́wọ́, òun á máa lọ, ká mú Paul, ká lé ẹni tó bá wù wá. Ó wá ní ẹni tó bá lọ sùn lójú ilé, òun á fà á jáde lójú gbogbo ayé. Èmi ló ń wò.

Nígbà ìgbáradì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Adérìnsọ́lá fi ìdajì wákàtí dúró sẹ́yìn gíláàsì. Ó kàn ń wò wá. Nígbà tó yá, ó fọn fèrè, ó pe Delight àti Zion. Ó bi Delight pé ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló wà lóun nìkan tí kò sẹ́ni tó ṣọ́ ọ, kí ló dé tí kò pariwo kí wọ́n gbá róbà fún un? Zion ló dáhùn.

"Auntie, how? Kí n máa pariwo mọ́ Doctor? Before I get home, mummy mi á ti gbọ́ ní church."

Ojú mi là. Lórí yìnyín, kò sáyè kéèyàn máa wò yíká. Ẹni tó bá rí àyè gbọ́dọ̀ ké sí ẹni tí róbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí, ibí la bí wọn sí. Yorùbá tí wọ́n ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí a rí tẹ̀ mọ́ wọn lára dáadáa ni pé ọmọdé kì í pariwo mọ́ àgbà, kì í sì í gba nǹkan mọ́ àgbà lọ́wọ́. Bí róbà bá dé ọ̀dọ̀ wọn, àgbà tó bá sún mọ́ wọn jù ni wọ́n á gbé e fún, bí ìgbà tí wọ́n ń bu omi fún àlejò. Àwa àgbà á wá máa wọ́ ọ nílẹ̀ títí àwọn òyìnbó á fi já a gbà. Èmi fúnra mi ti bá Zion wí rí, torí ó pè mí ní Lékè lásán nígbà tí róbà ń bọ̀ lápá òsì mi. Róbà yẹn wọlé. Orúkọ tó pè ló dùn mí, kì í ṣe ayò. A kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ilé tán, a wá fẹ́ torí ẹ̀kọ́ náà lé wọn dànù. Ó dùn mí wọnú eegun.

"Ẹ bọ́ ọjọ́ orí yín sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà yín," Adérìnsọ́lá sọ fún wa. "Tẹ́ ẹ bá ń lọlé, ẹ máa bá a níbẹ̀. Lórí yìnyín yìí, kò sí Daddy, kò sí Doctor, kò sí Uncle. Orúkọ ni. Mi ò ní fi ẹni tí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀ sínú eré."

Akin, ẹnjiníà kan tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kúnlẹ̀ kí òun, ní ìwà ìbàjẹ́ ló fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ. Adérìnsọ́lá ní kó sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lọ́jọ́ náà, "Akin, sir" ni Zion ń pè é, a fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó máa fi di Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti ń pe gbogbo wa lórúkọ ṣánṣán. Delight náà ń pe gbogbo wa, àfi ẹnì kan. Bí róbà bá wà lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, á ya ẹnu, á tún pa á dé. Kò sẹ́ni tó bá a wí, nítorí kò sẹ́nì kankan nínú wa tó pe bàbá tiẹ̀ lórúkọ rí.

Sátidé pé, àwọn ará Galveston dé. Mo dúró lójú ilé, mi ò tíì mọ̀ bóyá màá sùn tàbí mi ò ní sùn. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré la gbá tí Zion fi jágbe mọ́ mi pé, "Lékè, left!" Mo na ẹsẹ̀ òsì, róbà bà á, ó ta padà. Láti ìgbà yẹn, mi ò rántí Paul mọ́. Wọ́n gbá ọ̀kan wọlé, Olúwatọ́mi dá a padà. Wọ́n tún gbá ọ̀kan sí i, Zion pe Akin lórúkọ pẹ̀lú agbára, Akin gbé róbà fún un, ó di ayò méjì sí méjì. Akin ló tún lọ dì mọ́ ọn.

Ó ku ìṣẹ́jú kan. Ọ̀mì ò ṣe wá láǹfààní kankan, Dókítà Olúrótìmí sì mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ ni róbà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò ní láti ṣe ohun ìtìjú kankan. Kó kàn fi ara bò ó síbẹ̀ títí àkókò á fi pé, kò sẹ́ni tó máa dá a lẹ́bi, Paul sì ti di tiwa. Mo rí i tó kẹ̀yìn sí gbogbo wa. Lápá kejì, Delight wà lóun nìkan níwájú àwọ̀n wọn. Adérìnsọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Olúrótìmí!"

Delight ló pariwo. Ó lé lógún ọdún tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ rí, yàtọ̀ sí ìyá rẹ̀. Ó gbórí sókè.

"Olúrótìmí, ibí!" Delight ń fi ọ̀pá lu yìnyín.

Mi ò mọ ohun tó rò. Gbogbo ìṣirò tó ti ṣe láti ọjọ́ Àìkú ti wábi gbà. Ó gbá róbà fún ọmọ rẹ̀. Delight ò tiẹ̀ dá a dúró, ẹ̀ẹ̀kan ló gbá a, ó wọlé.

A fàgbà han Galveston, ayò mẹ́ta sí méjì. Inú mi dùn débi pé mo ju ọ̀pá mi sókè, ó sì padà wá bà mí lórí. Adérìnsọ́lá fi bàtà lásán fo odi kékeré tó yí pápá ká bọ́ sórí yìnyín, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó fìdí jókòó lójú gbogbo èèyàn. Kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, Zion àti Olúwatọ́mi wó lé e. Galveston ló máa mú Paul báyìí, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi wá ẹni tí ìyẹn ká lára.

Delight nìkan ni kò yọ̀. Ó rọra lọ bá bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó sì kúnlẹ̀ sórí yìnyín, pẹ̀lú gbogbo ìhámọ́ra tó wà lára rẹ̀. Ó ní kí Daddy jọ̀ọ́ má bínú, òun ò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́. Dókítà gbìyànjú láti fà á dìde, kò ṣeé ṣe, ló bá kúnlẹ̀ tì í. Mo sún mọ́ wọn kí n lè gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ.

"Kí ni mo fẹ́ bínú sí?" ló sọ. "Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń wò ẹ́, Delight. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ẹ."