Ohùn Ènìyàn Mẹ́tàdínlógún Tó Bá Kọ̀ǹpútà Mi Lọ

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n fa ìwé àṣekágbá mi lé wọn lọ́wọ́ ní yunifásítì nígbà tí kọ̀ǹpútà mi kú. Ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀ ní Niangon, àdúgbò wa ní Abidjan, èmi nìkan ni mo wà nílé. Bátìrì kọ̀ǹpútà náà ti bàjẹ́ tipẹ́, orí iná ni mo ti máa ń lò ó. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kejì, ojú kọ̀ǹpútà dúdú, ohun kan sì ń dún nínú rẹ̀, ta, ta, ta, bí ẹni ń fi èékánná kan tábìlì.

Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yọ wáyà rẹ̀, mo dúró díẹ̀, mo tún dá a padà. N kò mọ iye ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìró náà ń le sí i, títí tó fi di pé kò dún mọ́ rárá. Ọkàn mi tilẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ nígbà náà. Mo rò pé ó ti fẹ́ gbádùn.

Ọdún márùn-ún ni mo ti ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́kọ́ ni ín, ó fún mi nígbà tó ń lọ sílé ọkọ. Lẹ́tà mẹ́rin ti parẹ́ lójú bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sì ti ya, mo fi téèpù dì í. Kò já mi kulẹ̀ rí. Nítorí pé kò já mi kulẹ̀ rí, gbogbo nǹkan mi ni mo kó sínú rẹ̀, n kò sì fi ẹ̀dà sí ibòmíràn.

Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe dá lórí àwọn ilé tí òkun ń wó ní àdúgbò kan létí omi ní Port-Bouët. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń lọ bá àwọn tó ń gbé ibẹ̀, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló sì gbà kí n gba ohùn wọn sílẹ̀. Fóònù mi ni mo fi ń gbà á. Bí fóònù bá ti kún, màá kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, màá sì pa ti fóònù rẹ́. Mo ní fílááṣì kékeré kan tí mo kọ́kọ́ ń kó wọn sí. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ní kí n bá wọn gbé fọ́tò lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, kò sì sí àyè mọ́ nínú fílááṣì náà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́. Mo ní màá dá a padà bí mo bá délé. N kò dá a padà.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé kọ̀ǹpútà náà lọ sí Adjamé, níbi tí ìyá mi ti ń ta aṣọ. Ìyá mi mú mi lọ bá ọkùnrin kan lẹ́yìn ọjà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bí tiwa. Ó tú u, ó da àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ sínú agolo sàdíìnì, ó yọ disíìkì rẹ̀ jáde, ó gbé e sétí, ó wá so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Ẹ̀ẹ̀melòó lo tàn án lẹ́yìn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún?"

Mo ní n kò kà á.

"Àbúrò mi, ò bá má ti tàn án mọ́ lẹ́yìn àkọ́kọ́. Abẹ́rẹ́ tó ń ka ohun inú rẹ̀ ti já. Gbogbo ìgbà tí o ń tàn án ló ń họ ọ́."

Ó sọ pé àwọn kan wà ní òkè òkun tí wọ́n máa ń tú irú rẹ̀ nínú yàrá tí eruku kì í wọ̀, pé òun ti bá oníbàárà méjì fi ránṣẹ́ sí wọn rí, pé wọ́n dá ọ̀kan padà bó ṣe wà. Jula, èdè ọjà ibẹ̀, ló fi sọ iye tí wọ́n máa ń gbà fún ìyá mi, bí ẹni pé n kò gbọ́ Jula. Ìyá mi ní kó bá wa dì í padà.

Nígbà tí a wà nínú gbaka, ọkọ̀ akérò kékeré, tí à ń lọ sílé, ìyá mi bi mí bóyá n kò lè padà lọ bá àwọn ènìyàn náà kí wọ́n tún un sọ. Ohun tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní yunifásítì náà sọ nìyẹn nígbà tí mo lọ bá a. Kò bínú sí mi. Ó ní orí ìwé méjì tí mo ti tẹ̀ fún òun kò ju ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀ lọ, pé bí kò bá sí ohùn àwọn ènìyàn náà, kò sí iṣẹ́. Kí n yáa lọ gbà á padà, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí n dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Mo padà sí Port-Bouët lọ́jọ́ Ajé. Ó ti tó oṣù méjì tí n kò débẹ̀. Ọ̀wọ́ ilé kan tó kọjú sómi, níbi tí mo ti gba ohùn ènìyàn márùn-ún, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ògiri ilé ìwẹ̀ kan ló kù, àti igi àgbọn kan tó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀. Àwọn tó kù ń fi ọwọ́ júwe ibi tí aládùúgbò wọn kó lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo rí ènìyàn mẹ́sàn-án. Wọ́n sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn ti kúrú. Apẹja kan tó sọ fún mi nígbà àkọ́kọ́ pé yàrá mẹ́rin ni omi gbé lọ lọ́wọ́ òun sọ pé mẹ́ta ni báyìí. Nígbà tí mo rán an létí, ó ní kí n kọ èyí tó bá wù mí.

Ẹni tí mo ń wá jù lọ ni ìyá arúgbó kan, ọmọ Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tó ti wà ní Abidjan láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Yorùbá ló bá mi sọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Nítorí pé n óò ní láti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, mo fi í sẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tó kù. N kò tíì kọ ìlà kan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní pápákọ̀ òfurufú, kò sí nílé lọ́jọ́ tí ìyá náà bá mi sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yìí ti bí ọmọ kan, ọmọ ọdún méje, tí ògiri wó pa lọ́jọ́ tí òkun wọlé wọn. Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn náà. Wọ́n ní ìyá àgbà ti mú ọmọ jáde dé títì, pé ọmọ náà wá já ọwọ́ gbà, ó sá padà lọ mú bàtà tuntun tí ìyá rẹ̀ rà fún un. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin yìí kì í dẹ́kun láti máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ló ra bàtà.

Ohun tí ìyá náà sọ sínú fóònù mi yàtọ̀. Ó ní kò sí ọ̀rọ̀ bàtà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé títì ni òun rántí àpò ìwé tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí káàdì òun àti ti ọmọ òun àti ìwé ìbí ọmọ-ọmọ òun wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ òun kò gbé òun. Òun ló rán ọmọ náà padà lọ mú un wá. Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé kí n má fi orúkọ òun sínú ìwé mi, ṣùgbọ́n kí n tọ́jú ohùn náà, pé bí òun bá kú, kí n jẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ ọ láti ẹnu òun. Mo ní màá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dá a lóhùn kíákíá, bí a ṣe máa ń dá àgbàlagbà lóhùn.

Songon, lẹ́yìn odi ìlú, ni mo ti rí ìyá náà, nínú yàrá kan tí ọmọ rẹ̀ háyà láàárín àwọn ilé tuntun àti oko ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, ó sì ní kí n jókòó tì í lórí ẹní. N kò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀. Mo sáà sọ ọ́, pé kọ̀ǹpútà bàjẹ́, pé ohun tí a gbà sílẹ̀ ti lọ.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, ìyá."

Mo mú fóònù mi jáde, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká tún un gbà, pé ọjọ́ yẹn gan-an ni màá fi ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi mẹ́ta. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ rọra ti fóònù náà kúrò lórí ẹní.

"N kò lè sọ ọ́ mọ́. Ìgbà tó o kọ́kọ́ wá bá mi, tí mo ní ara mi kò yá, kì í ṣe àìsàn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wá bí n óò ṣe la ẹnu." Ó sinmi. "Ìwọ gbọ́ ọ. Ìwọ ni kó o sọ ọ́ fún un."

Mo ní kó sọ ọ́ fún ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, pé yóò dárí jì í. Ó wò mí, ó wá béèrè bóyá ọjà ń tà lọ́wọ́ ìyá mi ní Adjamé. Mo dáhùn pé ó ń tà. A kò sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, títí kan ìgbà méjì mìíràn tí mo lọ kí i.

N kò lè fa ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ lọ́dún náà. Mo wá àwọn ènìyàn mìíràn, mo fi kún àwọn mẹ́sàn-án tí mo rí, mo sì parí rẹ̀ lọ́dún kejì. Wọ́n fún mi ní máàkì tó tó láti kọjá. Àwọn olùkọ́ ní iṣẹ́ náà mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ jọra jù. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìyá náà kú kí òjò ọdún kejì náà tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló pè mí, ó dúpẹ́ pé mo máa ń wá kí ìyá òun. Mo jẹ́ kí wọ́n sin òkú tán. Mo tún jẹ́ kí oṣù kan kọjá, mo ń sọ fún ara mi pé ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀ tó. Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ sí Songon. Mo bá a lẹ́yìn ilé, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo gba ọ̀bẹ kejì, mo bá a bó díẹ̀. Mo wá sọ ọ́ fún un, pẹ̀lú Yorùbá Adjamé tèmi yìí tí Faransé ń dá lójú ọ̀nà. Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu títí mo fi parí.

"Bàtà yẹn ńkọ́?"

"Ìyá ní kò sí ọ̀rọ̀ bàtà níbẹ̀, àǹtí. Àpò ìwé ni."

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní kí ló dé tí òun yóò fi gbà mí gbọ́. Mo ní ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, pé mo gbà á sílẹ̀, pé kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀ ló bàjẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo gbọ́ bó ṣe ń dún létí ara mi, bí irọ́ tí ọmọ iléèwé ń pa fún olùkọ́. Ó bi mí bóyá ìyá òun sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. N kò rántí. Nǹkan tí mo rántí ni pé bátìrì fóònù mi ń lọ sílẹ̀, pé òun ni mo ń wò.

Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, èmi kọ́ ló ń wò.

"Ìyá mi bá mi wá àpò yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi bá mi wá a nínú iyanrìn, tó ń bi mí pé níbo ni mo rò pé mo gbé e sí."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n máa lọ. Kò sìn mí dé ọ̀nà. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, kò gbé e. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan ló gbé e, ó ní nọ́ńbà náà ti di tòun.